Àlejò Tí Wọ́n Gbé Kọ́kọ́rọ́ Fún

Ní Obalende ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa Bọ́lánlé. Èmi àti ọkùnrin kan tí kò mọ̀ mí rí jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹlẹ́wà, ó ń sọ̀rọ̀, mo ń jẹun. Ó ní ilé kan wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí àwọn ìdílé àtijọ́ kó ẹrù àwọn bàbá ńlá wọn sí kí aráyé lè máa wò ó. Ó ní ìtàn ẹrù kọ̀ọ̀kan wà nínú kọ̀ǹpútà níbẹ̀, àti pé tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìtàn kan, kò sí ọmọ Èkó kankan, ì báà jẹ́ olóyè, tó lè fọwọ́ kàn án mọ́. Obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bi í pé báwo ni ti Ìjẹ̀ṣà ṣe jẹ́.

"Ìjẹ̀ṣà, Onígbàgbọ́," ó ní. "Ó tún ń kọrin nínú kọ́áyà." Ó bu ẹ̀wà sẹ́nu bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Èmi ò gbà pé ó parí. Níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ ìròyìn, wọ́n kọ́ wa pé tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ká wádìí ẹni tó ń jàǹfààní níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ.

Ilé Àkójọ Ẹbí ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, onífèrèsé pákó, nínú ọ̀nà tóóró kan tó jẹ́ pé tí alábàárù bá ń bọ̀, ìwọ lo máa fara ti ògiri. Nísàlẹ̀ ni ẹrù wà: fìlà, kẹ̀kẹ́ ìránṣọ alọ́wọ́, irinṣẹ́ àwọn káfíńtà ayé àtijọ́, àti ibùsùn onírin kan tí wọ́n ní ìyàwó mẹ́rin bímọ lé lórí. Lókè ni Bọ́lánlé wà, nínú yàrá kékeré kan tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń ké bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú.

Ó ga, ó ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, kì í sì í sọ̀rọ̀ sókè. Kí n tó jókòó, ó ti bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Mo ní Ìbàdàn. Ìyá mi ńkọ́? Ìbàdàn. Ìyá tó bí ìyá mi ńkọ́? Mo bi í bóyá ẹnì kan ló rán an pé kó wádìí ìdílé mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní iṣẹ́ ló sọ òun dà bẹ́ẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, òun gbọ́dọ̀ mọ agbo ilé tó so mọ́, kí òun tó mọ ohun tí òun lè bá a sọ.

Iléṣà ni wọ́n bí Bọ́lánlé Ọlọ́wọ́lágbà sí, bàbá rẹ̀ ń tún rédíò ṣe. Nígbà tó parí ilé ẹ̀kọ́ gbogbo-ǹ-ṣe, ó wá sí Èkó, ó sì rí iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá Tinúbú, níbi tó ti ń bá àwọn lọ́yà àti àwọn tó ń wáṣẹ́ tẹ ìwé. Níbẹ̀ ló ti rí i pé ohun tí ènìyàn bá sọ lánàá, ó lè dé lọ́la kó ní òun kọ́ ló sọ ọ́. Ó wá kọ́ àṣà kan: kì í pa ìwé àtijọ́ oníbàárà rẹ́. Tí wọ́n bá ní kó yí nǹkan padà, á ṣe tuntun, á sì tọ́jú ti tẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àlàájì Mọ̀núrù, alága ìgbìmọ̀ àwọn ìdílé tó ni Ilé Àkójọ Ẹbí, wà lára àwọn oníbàárà yìí. Lọ́jọ́ kan Àlàájì bá a jiyàn pé àwọn ò sọ ohun kan rí, ó sì gbé ti tẹ́lẹ̀ jáde, tòun ti ibi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní ọmọ yìí ò ní jẹ́ kí àgbà gbàgbé ohun tó sọ.

Ọ̀rọ̀ fìlà kan ló mú kí wọ́n rántí rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ Ilé Àkójọ ṣáájú Bọ́lánlé jẹ́ ọmọ ọ̀kan nínú àwọn agbo ilé náà. Ọmọlúàbí ni, gbogbo wọn ló gbà bẹ́ẹ̀, kò kàn lè sọ "rárá" fún ẹbí ni. Àbúrò bàbá rẹ̀ á gòkè wá, á jókòó, á béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, nígbà tó bá fi máa sọ̀ kalẹ̀, fìlà tó wà nísàlẹ̀ á ti kúrò lórí bàbá àgbà kan bọ́ sórí òmíràn. Láàárín ọdún kan, bàbá mẹ́ta ló dé fìlà kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni ò jí fìlà, ẹnikẹ́ni ò fọ́ gíláàsì. Ìka ọwọ́ kan lórí kọ̀ǹpútà ló ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, àgbàlagbà méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ ẹ̀wù síra wọn níwájú ìgbìmọ̀. Àlàájì Mọ̀núrù wá ní kí wọ́n lọ wá ẹni tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó lè pè é ní ọmọ àbúrò mi.

Bí àlejò ṣe di ẹni tó ń ti ọ̀rọ̀ onílé pa nìyẹn. Èmi náà ní ìbéèrè tèmi. Mo bi í pé kí ló máa dá òun fúnra rẹ̀ dúró tó bá wù ú láti dé ẹlòmíràn ní fìlà.

Ó ṣàlàyé bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Yaqub, tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, ló ń wọ inú àwọn agbo ilé lọ, tó ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, tó sì ń kọ ìtàn ẹrù kọ̀ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ á kà á, wọ́n á jiyàn, wọ́n á fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni Bọ́lánlé á tì í pa. Láti ìgbà náà, gbogbo ènìyàn ló lè kà á, kò sẹ́ni tó lè kọ nǹkan kan kún un, títí kan ẹni tó kọ ọ́. Tí ẹnì kan bá rí àṣìṣe, á mú ẹ̀rí wá, ìgbìmọ̀ á gbọ́, Bọ́lánlé á ṣí i, Yaqub á kọ tuntun, Bọ́lánlé á tún tì í. Ẹni tó ń ṣí kò lè kọ. Ẹni tó ń kọ kò lè ṣí. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀ kì í sì í pa rẹ́. Abẹ́ tuntun ló máa wà, tòun ti orúkọ gbogbo ẹni tó ti fọwọ́ kàn án.

"Ṣé ẹni méjì ò lè gbìmọ̀ pọ̀ ni?" mo bi í.

"Wọ́n lè gbìmọ̀ pọ̀," ó ní. "Wọn ò kàn lè fara pamọ́ ni."

Ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi pé kí n dán an wò. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, lẹ́tà kan ò jáde. Mo sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń wá ilé ìtọ̀, mo yà sọ́dọ̀ Yaqub, mo bi í jẹ́jẹ́ bóyá ọ̀nà ẹ̀yìn wà. Ó ní tó bá wà ni, òun kì bá tí máa gun àtẹ̀gùn yẹn lọ bẹ Àǹtí Bọ́lá nítorí àmì kékeré tí òun gbàgbé sórí lẹ́tà.

Òfin kan tún wà, Bọ́lánlé fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá bá agbo ilé kan tan, yálà nípa ẹ̀jẹ̀ tàbí nípa ìgbéyàwó, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ agbo ilé náà; kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló sì ń ṣí gbogbo wọn.

"Ó rọrùn láti kọ nígbà yẹn," ó sọ fún mi. "Mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbí." Ó wo ẹ̀rọ tó ń ké lórí ògiri. "Ọjọ́ Jímọ̀ yìí ni màá dá kọ́kọ́rọ́ padà."

Mo rò pé mo ti rí ìròyìn tí mo wá. Mo bi í pé ta ló ń lé e.

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi. Ọkọ ni mo fẹ́ fẹ́."

Orúkọ ọkọ náà ni Mùs'áb, ọmọ agbo ilé Àṣàmú, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ó wá tún ti yàrá Bọ́lánlé ṣe, ó parí ẹ̀, ó sì tún ń padà wá wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Yaqub ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹ̀rọ tó nílò àbẹ̀wò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fìdí múlẹ̀, Mùs'áb mú un lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wàláà ti bẹ̀rẹ̀.

Wàláà náà wà nísàlẹ̀, nínú gíláàsì. Pákó pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọ kéwú fi ń kọ́ ìwé ni, igun rẹ̀ kan ti jó. Lójoojúmọ́ láyé ìgbà yẹn, wọ́n á fi tàdáwà kọ ọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún kọ ọ́. Ó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé ohun tí wọ́n dá fún kíkọ àti fífọ̀ ni ìtàn rẹ̀ wá di ohun tí kò ṣeé fọ̀ mọ́. Ohun tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí, tí Bọ́lánlé sì tì pa, ni pé Àlùfáà Àyìndé ti agbo ilé Àṣàmú ló ni ín. Àlùfáà Àyìndé ni bàbá tó bí bàbá Mùs'áb. Ìlú mọ̀ wọ́n mọ́ kéwú. Wọ́n ti kú tipẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ti wá ta ko ọ̀rọ̀ yẹn rí. Màmá Àdíját (orúkọ tiwọn gan-an ni Àdíját), tí wọ́n ń ta tẹ̀sùbáà àti lọ́fínńdà lẹ́bàá mọ́sálásí, gun àtẹ̀gùn wá lọ́dún tó kọjá pé ìyá àwọn, Sàfúrátù, àbúrò Àlùfáà Àyìndé lóbìnrin, ló ni wàláà. Bọ́lánlé bi wọ́n bóyá ẹlòmíràn wà tó lè jẹ́rìí sí i. Wọ́n ní àwọn ẹlẹgbẹ́ ìyá àwọn ti kú tán. Bọ́lánlé wá fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn pé ọmọ kò lè jẹ́rìí fún ìyá rẹ̀. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀.

Mo lọ bá Màmá Àdíját níbi àtẹ wọn. Mo ra tẹ̀sùbáà tí n ò nílò kí wọ́n lè jẹ́ kí n jókòó. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé ni ìyá àwọn ti máa ń kọ́ àwọn ìyàwó ilé ní kéwú, tí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ kaná. Tí àlejò bá dé, wọ́n á ti wàláà sẹ́yìn igi ìdáná. Tí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè, ti ẹ̀gbọ́n wọn ni. Ó pẹ́ tí irọ́ kékeré yẹn fi di òótọ́ lẹ́nu gbogbo ilé.

"Ẹni tó bá dé iwájú gíláàsì yẹn, ẹ̀gbọ́n màmá mi ló ń kí," wọ́n ní. "Kò sẹ́ni tó ń kí màmá mi." Wọ́n tún àwọn tẹ̀sùbáà tò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tò dáadáa tẹ́lẹ̀.

Mi ò mọ̀ bóyá kí n gbà wọ́n gbọ́. Ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọjọ́ ń lọ. Ilé Àkójọ fẹ́ ṣe àfihàn ńlá, wọ́n sì fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà sára pátákó tí yóò dúró ti ẹrù kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ Ajé ni onítẹ̀wé máa gba ọ̀rọ̀ lọ. Ohun tó bá tẹ̀ nígbà náà ni àwọn ọmọ ilé ìwé àti àlejò á máa kà títí ọjọ́ pípẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí Bọ́lánlé lọ kí ilé ọkọ, Màmá Memunat ni wọ́n ní kó jókòó tì. Àwọn ni àgbà jù nínú àwọn ìyàwó agbo ilé Àṣàmú; aya àbúrò Àlùfáà Àyìndé ni wọ́n. Bọ́lánlé rí àbúrò Mùs'áb tó ń kọjá, ó kí i pé, "Fàrídà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Màmá Memunat mi orí. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tó bá ti wà nílé kí ìyàwó tó dé, ọkọ ìyàwó ni, ìyàwó kì í sì í pè é lórúkọ. Kó wo ọmọbìnrin náà dáadáa kó fún un lórúkọ tirẹ̀.

Bọ́lánlé wo Fàrídà. Ó dúdú, ara rẹ̀ ń dán.

"Adúmáradán," ó ní.

Màmá Memunat rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé sí i. Wọ́n ní Bọ́lánlé ti gba orúkọ mọ́ àwọn lọ́wọ́, pé ìyá tó bí Àdíját làwọn fi orúkọ yẹn pè láti ọjọ́ tí àwọn ti wọlé.

Bọ́lánlé sọ fún mi pé òun rántí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ti gbọ́ orúkọ yẹn rí. Nígbà tí Yaqub gba ohùn Màmá Memunat sílẹ̀ nípa wàláà, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ti Adúmáradán ni. Ọ̀dọ̀ wọn la ti kọ́ kéwú." Lẹ́yìn náà wọ́n dìde lọ kírun. Yaqub kò dúró dè wọ́n. Ó bi àwọn ìyàwó tó tẹ̀lé wọn pé ta ni wọ́n ń pè ní Adúmáradán nílé yìí, wọ́n sì ní Àlùfáà Àyìndé ni. Wọn kò purọ́. Àlùfáà náà dúdú. Àmọ́ ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ, kò sì sí òfin tó ní kí wọ́n má fi orúkọ kan náà pe ẹni méjì. Ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí i, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Kò sí èyí tó jẹ́ ìyàwó ilé rí. Bọ́lánlé tó tì í pa, kò tíì di ìyàwó ilé ẹnikẹ́ni nígbà náà.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò kàn ṣí i lọ́jọ́ kejì. Yaqub náà ti bi í. Yaqub ní wọn ò tíì ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kò sẹ́ni tó san ohunkóhun, àlejò ṣì ni Àǹtí Bọ́lá lójú òfin. Kí wọ́n gbé e síwájú ìgbìmọ̀ kíákíá, kó ṣí i, kí òun kọ ọ́, kó tì í. Kí n sòótọ́, mo wà lẹ́yìn Yaqub.

"Ká ní àlejò ni mí, wọn ò ní sọ ọ́ fún mi," Bọ́lánlé dáhùn. "Torí pé mo di ìyàwó ni mo ṣe gbọ́ ọ. Mi ò lè fi etí ìyàwó gbọ́ ọ, kí n wá fi ọwọ́ àlejò ṣí i."

Mo ní ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ lè sọ pé ó fẹ́ fi wàláà wá ojú rere ilé ọkọ ni. Ó ní ìdí gan-an nìyẹn. Ó tún ní ojú rere wo? Nígbà tí òun sọ ọ́ fún Mùs'áb, inú rẹ̀ ò dùn. Ó bi òun pé, "Ṣé nínú gbogbo ẹrù tó wà nínú ilé yẹn, ti bàbá àgbà mi nìkan lo rí tú?" Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ké, kò sì wá wò ó.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ìgbìmọ̀ jókòó. Àlàájì Mọ̀núrù jẹ́ kí n wọlé, lẹ́yìn tí àwọn náà ti bi mí nípa ìyá ìyá mi. Wọ́n bẹ Bọ́lánlé pé kó dúró títí di ọjọ́ ìgbéyàwó.

"Sà, láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pè mí ní ìyàwó," ó ní. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, pẹ̀lú àpòòwé tí ọ̀rọ̀ ìṣílẹ̀kùn kọ̀ǹpútà náà wà nínú rẹ̀.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àlejò. Mi ò tíì rí ìpàdé tó pa mí lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá dárúkọ ni ẹnì kan máa ń rántí ìyá ìyá rẹ̀. Wọ́n dárúkọ ọlọ́dẹ, ọmọ Ẹ̀gbá, àmọ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni ìyàwó rẹ̀. Wọ́n dárúkọ ọmọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì. Àgbà kan wú ikọ́, ó ní ìyá ọmọ yẹn bí ọmọ kan fún ẹ̀gbọ́n òun kó tó lọ fẹ́ bàbá rẹ̀, ká fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo Èkó ti fẹ́ ara wọn tán. Ibi tí wọ́n ti ń rò ó ni Dámilọ́lá, akọ̀wé owó tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà, ti gbé ìwé wọlé pé kí wọ́n bá òun fọwọ́ sí i. Ọmọ Ìdó-Èkìtì ni. Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Kí ni mo ṣe, sà?" ó ní.

Wọ́n bi í nípa bàbá, nípa ìyá, nípa ìyá ìyá. Èkìtì ni gbogbo wọn. Wọ́n bi í bóyá ó ní àfẹ́sọ́nà ní Erékùṣù Èkó. Ó wo ilẹ̀, ó ní kò sí. Inú ìgbìmọ̀ dùn bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ayọ̀.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀: Dámilọ́lá á gba kọ́kọ́rọ́, á ṣí wàláà fún ọ̀gá rẹ̀ àná, Màmá Àdíját á rí orúkọ ìyá wọn. Àmọ́ Dámilọ́lá ka ohun tí Bọ́lánlé kọ sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ nípa wàláà, ó sì gbójú sókè.

"Àǹtí Bọ́lá, ta ló sọ èyí fún yín?"

"Màmá Memunat."

"Wọ́n sọ ọ́ fún yín gẹ́gẹ́ bíi ta?"

"Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó wọn."

"Ẹ máà bínú, mi ò lè lo èyí. Màá lọ gbọ́ ọ fúnra mi."

Mo wo ojú Bọ́lánlé. Ó jọ pé ó dùn ún, ó sì jọ pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ kejì, Dámilọ́lá àti Yaqub lọ sí agbo ilé Àṣàmú, àgbà ìgbìmọ̀ méjì láti agbo ilé mìíràn bá wọn lọ, mo tẹ̀lé wọn. Bọ́lánlé bá wa dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró síta nínú òòrùn. Màmá Àdíját wà níbẹ̀ náà, lórí àpótí kan ní igun àgbàlá. Wọ́n ti sọ fún wọn pé wọn ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n fi ìbòrí bo ẹnu wọn kí ọ̀rọ̀ má bàa já bọ́ níbẹ̀.

Màmá Memunat jókòó láàárín, àwọn ìyàwó méjì tó tẹ̀lé wọn jókòó sí ẹ̀gbẹ́. Dámilọ́lá kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì bi wọ́n pé ta ni Adúmáradán.

"Tèmi àbí tiwọn?" ni Màmá Memunat bi í.

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó náà ní tòun ni Àlùfáà Àyìndé. Ìkejì ní Àlùfáà ni tòun náà, pé òun tún ní òmíràn tó ń gbé Ìpàjà báyìí, tó ti sanra débi pé orúkọ náà ò bá a mu mọ́. Màmá Memunat ní ìyá Àdíját ni tàwọn, láti ọjọ́ tí àwọn ti wọlé. Dámilọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó bi wọ́n nípa igun tó jó.

Màmá Memunat ní àwọn fúnra wọn ló jó o. Ìyàwó tuntun ni wọ́n nígbà náà. Ìyá Àdíját fọ wàláà, ó fi í ti ara àdògán kó lè gbẹ, Màmá Memunat sì ti igi wọnú iná láìwẹ̀yìn. Ẹ̀rù bà wọ́n. Ìyá Àdíját kò bínú. Ó ní kí wọ́n máa kọ bísímílà sí igun yẹn lójoojúmọ́, títí tí tàdáwà á fi dúdú ju ibi tó jó lọ.

Ohùn Màmá Memunat nìkan nìyẹn, Dámilọ́lá sì mọ̀ pé kò tíì tó. Ó yíjú sí àwọn méjì tó kù. Lẹ́yìn náà èyí tó ní Adúmáradán méjì sọ̀rọ̀, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

"Èmi náà kọ́ lórí wàláà yẹn. Lọ́wọ́ ìyá Àdíját."

Yaqub gbàgbé ara rẹ̀. Ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún òun nígbà náà.

"Ẹni tí mò ń pè ní Adúmáradán lo béèrè lọ́wọ́ mi," wọ́n ní. "O ò béèrè ẹni tó ni wàláà."

Yaqub wo fóònù tó fi ń gba ohùn wọn sílẹ̀ bí ẹni pé fóònù ló jẹ̀bi. Ní igun àgbàlá, Màmá Àdíját ti gbé ìbòrí lọ sójú.

Ó ku orúkọ, torí kò sí ìyàwó tó máa dá a. Màmá Memunat ní kí wọ́n má wojú àwọn, pé àwọn ò tíì pè é láti ọjọ́ tí àwọn ti dé, àwọn ò ní bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí tí onítọ̀hún ò sí níbẹ̀ láti dá àwọn lóhùn. Fàrídà, tó jẹ́ ọmọ ilé, ló pè é síta fún wọn: Sàfúrátù. Bọ́lánlé gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà.

Àwọn àgbà ìgbìmọ̀ fi ohun tí wọ́n gbọ́ jíṣẹ́ fún Àlàájì Mọ̀núrù, gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i. Dámilọ́lá ṣí àkọsílẹ̀ náà, Yaqub kọ ọ́, Dámilọ́lá tì í pa, kó tó di ọjọ́ Ajé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wà níbẹ̀: Àlùfáà Àyìndé, orúkọ Yaqub tó kọ ọ́, orúkọ Bọ́lánlé tó tì í. Mo bi Bọ́lánlé bóyá kò wù ú kí ìyẹn pa rẹ́, nígbà tó jẹ́ pé àṣìṣe ni. Ó ní rárá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí Màmá Àdíját fi gun àtẹ̀gùn wá lásán lọ́dún tó kọjá, ibẹ̀ ló máa rí i.

Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn tí wọ́n ṣí àfihàn, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣàkíyèsí lókè ni pé yàrá náà dákẹ́ rọ́rọ́. Mo wo ẹ̀rọ amúlétutù, mo wo Bọ́lánlé, tó ṣì ń kọ́ Dámilọ́lá níṣẹ́. Ó ní Mùs'áb wá lánàá. Kò sọ púpọ̀. Ó ní bàbá àgbà òun ní wàláà tiwọn lọ́tọ̀, wọ́n ti lò ó fọ́ kí wọ́n tó bí òun, wọ́n sì ti sọ ọ́ fún òun rí, ó yẹ kí òun ti rántí.

Màmá Àdíját wà nísàlẹ̀. Wọ́n ti ṣe irun, wọ́n ti wọ aṣọ tó dáa, wọ́n sì dúró síwájú gíláàsì fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó wá kí ìyá rẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Wọ́n ní kí Fàrídà ka pátákó náà fún àwọn, ó kà á, wọ́n ní kó tún un kà. Lẹ́yìn náà wọ́n bi Bọ́lánlé bóyá ẹnì kan lè jí lọ́la kó yí i padà.

Bọ́lánlé ní ó ṣeé yí padà tí ẹnì kan bá mú òótọ́ tó ju èyí lọ wá, tí ìgbìmọ̀ sì gbọ́ ọ. Àmọ́ kì í ṣe òun ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó na ọwọ́ sí Dámilọ́lá, tó ń sọ̀ bọ̀ láti òkè.

Màmá Àdíját yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ, o ti lọ́kọ?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Wọ́n tún wo wàláà, wọ́n wá padà yíjú sí i. "Tí ọmọkùnrin kan bá wá láti agbo ilé wa pé òun fẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe, ọmọ mi, má gbójú sókè o."